Mólúè Tí Kò Sí Nínú Páálí

Ẹni tó bá ń to ọkọ̀ oníke kéékèèké, irú èyí tí wọ́n máa ń dì sínú páálí pẹ̀lú ìwé àlàyé, kò ní pẹ́ mọ irú ọkọ̀ tí ayé kà kún. Tamiya ti Japan ti ṣe ọkọ̀ ìdíje àti ọkọ̀ ogun lóríṣìíríṣìí. Revell ti ṣe bọ́ọ̀sì Volkswagen ní ìwọ̀n 1/24, tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ tó gùn ju mítà 4 lọ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 18 lọ lórí tábìlì. Ẹni tó bá fẹ́ danfo lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀: kó dí àwọn fèrèsé kéékèèké orí òrùlé pa, kó kùn ún ní yẹ́lò, kó fa ìlà dúdú méjì sí i lára. Mólúè ńkọ́? Mi ò tíì rí páálí kan tó ní mólúè nínú.

Mi ò bá àwọn tó ń ṣe kíìtì jà. Ẹni tó ń tajà ló mọ oníbàárà rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí a kò bá fi ọwọ́ ara wa ṣe é, kò sẹ́ni tó máa bá wa ṣe é, àkókò sì ń lọ. Bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní oṣù kẹta ọdún 2008. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti ń wọ yunifásítì báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fẹsẹ̀ tẹ inú mólúè rí.

Àwọn tó kan mólúè gan-an kò gba páálí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes-Benz 911 ni wọ́n máa ń mú, wọ́n á fi férémù, ẹ́ńjìnnì àti táyà rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á wá fi irin àti páànù kọ́ odindi ilé lé e lórí. Bàbá mi wà lára àwọn jórinjórin tó ṣe iṣẹ́ yìí ní Mushin. Wọ́n kú ní ọdún 2011. Wọn kò fi àwòrán iṣẹ́ kankan sílẹ̀, torí wọn kò yà á rí. Orí ni wọ́n fi ń ṣírò, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n. Fọ́tò kan ṣoṣo la ní. Ìdajì ọkọ̀ ló hàn níbẹ̀, èrò ló bo ìyókù.

Nígbà tí mo pinnu láti ṣe mólúè bàbá mi ní ìwọ̀n 1/24, ọ̀nà tiwọn náà ni mo gbà. Mo ra kíìtì ọkọ̀ akẹ́rù kan, mo mú férémù àti táyà, mo kó ìyókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ike funfun pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní polystyrene ni mo fi ṣe ara ọkọ̀. A kì í gé e já lẹ́ẹ̀kan náà. Bíléèdì la fi ń fa ìlà sí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, tí a bá wá tẹ̀ ẹ́, á ṣẹ́ gẹ́rẹ́ níbi ìlà náà. Gúlúù rẹ̀ kì í kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ó ń yọ́ etí méjèèjì díẹ̀ kí wọ́n lè wọnú ara wọn, bí irin ṣe máa ń yọ́ lábẹ́ iná jórinjórin.

Ìṣirò ló le jù. Ike tó nípọn tó mìlímítà 0.5 dà bí ohun tín-ín-rín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po 24, mìlímítà 12 ni. Páànù wo ló nípọn tó bẹ́ẹ̀? Nítorí náà, gbogbo etí tí ojú lè rí, ní ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé, ni mo fi sáńpépà fá títí ó fi dà bíi páànù. Fún imú ọkọ̀ tó rí roboto, mo kọ́kọ́ gbẹ́ igi sí ìrísí rẹ̀, mo ya ike sórí iná títí ó fi rọ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ bo igi náà. Ìjókòó kan péré ni mo fi ọwọ́ ṣe. Mo fi sílíkónì gba ìrísí rẹ̀, mo ń da rẹ́sìnì sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọkọ̀ fi kún. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó lo ìbomú, kó sì ṣí fèrèsé; eruku rẹ́sìnì kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni fọ́tò kò fi hàn. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá mi, tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, báwo ni àtẹ̀gùn yẹn ṣe máa ń ga tó?”

Wọ́n na ọwọ́ sí ojúgun wọn, lábẹ́ orúnkún. “Ọmọ ọ̀gá, ibí ni. Àwọn míì máa ń gbé e ga jù báyìí lọ, ọ̀gá kì í gbà. Wọ́n ní ìyá tó pọnmọ, tó tún gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì dání, ó gbọ́dọ̀ lè gùn ún kí dẹ́rẹ́bà tó tẹná.”

Mo yọ téèpù: sẹ̀ǹtímítà 36. Lára mólúè mi, mìlímítà 15 ni. Mo gbé lọ́dọ̀ bàbá mi fún ohun tó lé ní ogún ọdún, wọn kò sọ ọ̀rọ̀ yìí létí mi rí. Ike kékeré tí mo fẹ́ gé ló jẹ́ kí n gbọ́ ọ.

Àwọn kan ń bi mí pé kí ni obìnrin tó gba oyè másítà ń fi nǹkan ìṣeré ọmọdé ṣe. Èsì mi ni pé nígbà tí àwọn ọmọkùnrin àdúgbò wa ń fi agolo mílíìkì ṣe ọkọ̀, tí wọ́n ń gé sálúbàtà ògbólógbòó ṣe táyà rẹ̀, a yìn wọ́n pé ọwọ́ wọn dá. Ní Teshie, lẹ́bàá Accra, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń gbẹ́ pósí sí ìrísí Mercedes, kò sẹ́ni tó pè é ní eré. Musée de l'Homme ní Paris gbé odindi car rapide ti Dakar sínú ilé, àwọn èèyàn sì ń sanwó lọ wò ó. Àwa náà mọyì ère idẹ tí wọ́n rọ fún ọba, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ jórinjórin tó gbé gbogbo wa lọ síbi iṣẹ́, ajẹ́rìn-ín là ń tà á fún.

Kò dìgbà tí gbogbo wa bá ń lẹ ike. Ẹni tó lè yàwòrán, kó yà á. Ẹni tó ní téèpù, kó lọ wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tètè ṣe é, torí ìwọ̀n tí a ń wá kò sí nínú ìwé kankan. Inú ọwọ́ àwọn àgbà oníṣẹ́ ló wà, ní Mushin, ní Suame Magazine ní Kumasi, ní Dakar, wọn kò sì ní wà títí.