Àwo tuntun, etí àgbà

Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ràn Tosca, eré olórin tí Maria Callas kọ nílùú Milan lọ́dún 1953. Rẹ́kọ́ọ̀dù tèmi ti họ káàkiri. Ni ọmọ mi bá ra èyí tí wọ́n tún ṣe jáde lọ́dún 2014 fún mi. Ó ní láti ara téèpù àkọ́kọ́ gan-an ni wọ́n ti gbà á, pé ìgbà 96,000 ni wọ́n ń wọn ohùn rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ti CD jẹ́ 44,100.

Mo gbọ́ ọ títí, n kò rí ìyàtọ̀. Mo fi sétí, mo yí i sókè, inú sì ń bí mi sí owó tí wọ́n ná. Ọmọ ọmọ mi tó jókòó tì mí ló ní, “Bàbá àgbà, ṣé ẹ ò gbọ́ nǹkan tó ń dún ‘ṣìì’ lábẹ́ orin yẹn ni?” Èmi ò gbọ́ nǹkan kan o.

Dókítà etí ló là mí lóye. Etí ọmọdé lè gbọ́ ohùn tó ń gbọ̀n tó ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá ti ń dàgbà, àwọn ohùn tín-ín-rín òkè yẹn ló kọ́kọ́ ń lọ, wọn kì í sì í padà. Yíyí tí mo ń yí i sókè tún lè ba ìyókù jẹ́.

Mo ti dín in kù báyìí. Ohùn Callas kúkú ṣì ń wọlé dáadáa. ‘Ṣìì’ yẹn ni mo fi sílẹ̀ fún ọmọ.