Ẹ̀rín tí a rín nígbà yẹn

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn.

Lóṣù tó kọjá, mo fi fídíò eré àwàdà àtijọ́ kan sórí WhatsApp ìjọ wa níbí ní Ọ̀fà. Eré tẹlifíṣàn ayé ọjọ́un ni. Akólòlò kan fẹ́ ké pé olè wọlé, kó tó sọ ọ́ jáde, olè ti palẹ̀ ẹrù mọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Eré gidi rè é, kì í ṣe rádaràda òde òní." Àwọn àgbà ìjọ náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, arábìnrin kan kọ̀wé sí èmi nìkan. Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ fídíò yẹn kúrò. Àwọn ọmọ ti ń fi sín ọmọ mi jẹ ní kíláàsì àwọn ọmọdé."

Kí n má parọ́, inú bí mi. Mo ní, bí ayé ṣe dà nìyí? Ṣé gbogbo nǹkan ló ti wá di èèwọ̀ ni? Àwa tá a wo Bàbá Sàlá dàgbà, kí ló ṣe wá?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ máa rántí. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tó dágbére fáyé ní 2018. Aago ńlá tó máa ń gbé kọ́rùn, awò ojú tí kò ní dígí, táì tó fẹ̀ ju àyà rẹ̀ lọ! Ní àdúgbò wa, tẹlifíṣàn kan ṣoṣo ló wà, ní pálọ̀ onílé. Àwa ọmọdé á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ráyè á rọ̀ mọ́ fèrèsé. Bí NEPA bá mú iná lọ, gbogbo àdúgbò á ké "Háà!"

A tún ń wo New Masquerade. Claude Eke, tí kì í ṣe Yorùbá, ló ń ṣe Jẹ́gẹ́dẹ́ Ṣókòyà, gbogbo Nàìjíríà sì ń fi ahọ́n Yorùbá ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àwa náà bá wọn rín in. Nínú eré tiwa ẹ̀wẹ̀, Hausa ni ọlọ́dẹ tí kò gbọ́ èdè, Ìgbò ni ẹni tówó ti yí lórí. Ọkọ á gbá ìyàwó létí, a ó pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ẹni tí a fi ń ṣẹ̀fẹ̀ ńkọ́?

Bí mo ṣe ń bínú lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ojú ọmọ kan yọ sí mi.

Kíláàsì kan náà la jọ wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Akólòlò ni. Èmi sì ni mo mọ akólòlò orí tẹlifíṣàn sín jẹ jù. Mo máa ń gun orí bẹ́ǹṣì, màá ṣe é, màá sì fi orúkọ ọmọ yẹn sí i. Kíláàsì á wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Nígbà tó yá, ọmọ náà ò nawọ́ mọ́ bí títíṣà bá béèrè ìbéèrè. Ọmọ tó mọ ìṣirò ju gbogbo wa lọ! Kò bá wa dé ilé ìwé girama. Mi ò lè sọ pé èmi ni mo fà á. Mi ò sì lè sọ pé ọwọ́ mi mọ́.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àṣà òyìnbó tuntun. Lóòótọ́, oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin tó ní ká má fi ìyà jẹ aláàbọ̀ ara ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ ka Léfítíkù 19:14. Ọlọ́run kò fẹ́ ká bú adití, bẹ́ẹ̀ adití ò ní gbọ́ o! Mósè náà, ahọ́n rẹ̀ wúwo, ẹ ka Ẹ́kísódù 4. Àwọn baba wa tí kò tíì gbọ́ ìhìnrere pàápàá, ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pe afín àti abuké, wọn ò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní a kì í lójú oníka mẹ́sàn-án kà á. Àwa ọmọ Ọ̀fà, ìjàkadì lorò wa, a mọ̀ pé ẹgbẹ́ ẹni là ń bá wọ̀ ọ́. Géńdé tó bá da ọmọ ọwọ́ ò ní gba ìyìn lágbo.

Ṣé ká wá dáná sun eré àtijọ́ ni? Rárá o. Nóà mutí, ó sì wà níhòòhò. Bíbélì ò fi bò. Ọmọ kan rí i, ó lọ ń ròyìn rẹ̀ níta, àwọn méjì yòókù mú aṣọ lọ bò ó. Ìhòòhò yẹn ò ní kí Nóà má jẹ́ baba wọn mọ́. Àwọn òṣèré yẹn kọ́ wa ní òwe àti Yorùbá tó jinlẹ̀, wọ́n kọ́ wa pé ahun kì í gbẹ̀yìn re. Ohun tá à ń rẹ́rìn-ín sí ni wọ́n ń fún wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń bá wọn wí, ẹ wo sikíìtì inú fóònù yín náà, níbi tí ọmọ ti ń gbá ìyá létí.

Àwa pásítọ̀ ńkọ́? Mélòó nínú wa ni ò tíì fi akólòlò tàbí ìyá arúgbó mú ìwàásù dùn rí? Èmi ti ṣe é.

Mo yọ fídíò náà. Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì, mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, mo sọ fún ọmọ yẹn lójú gbogbo wọn pé mo ṣe ohun tí kò dára, kó má bínú. Ó fẹ́ fèsì, ọ̀rọ̀ há sí i lẹ́nu. Ọmọ kan fẹ́ bá a parí rẹ̀, mo gbọ́wọ́ sókè. Gbogbo wa dúró. Ó ní, "Kò... kò tọ́pẹ́, sà."

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé akólòlò lòwe yẹn ń bá wí. Àwa tó yẹ ká dúró dè é ló ń bá wí.

Ọ̀rẹ́ mi àtijọ́, bó o bá ń ka èyí níbikíbi, o mọ ara rẹ. Mo tọrọ àforíjì.

Ẹ̀yin ńkọ́, ta lẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí? Ẹ wá a kàn lọ́sẹ̀ yìí. Ọlọ́run á ràn wá lọ́wọ́. Àmín.