Kìnnìún Tí Ń Bú Níwájú Sinimá

Ọ̀ràn tí mo fẹ́ sọ kéré lójú, nítorí kìnnìún kan ni ó dá a sílẹ̀, kìnnìún tí kò sì sí nínú igbó kankan. Ṣùgbọ́n ó mú kí èmi, ẹni ọdún 54, jẹ ọmọ ọdún 15 ní gbèsè ẹ̀bẹ̀. Mo sì rò pé àwọn òbí mìíràn tí ń ka ìwé ìròyìn yìí lè ti jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀ rí láìmọ̀.

Kìnnìún tí mo ń wí ni èyí tí ó máa ń yọ orí nínú òrùka wúrà níwájú àwọn fíìmù ilé-iṣẹ́ Metro-Goldwyn-Mayer ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, yóò wo ìhín, yóò wo ọ̀hún, yóò sì la ẹnu bú ramúramù. Òun ni òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ akọ̀wé ni mo ti ń ṣe láti ìgbà èwe mi, mo sì mọ ohun tí òǹtẹ̀ jẹ́. Ìwé tí kò bá ní òǹtẹ̀, bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn bí oyin, wọn kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ ní ọ́fíìsì kankan.

Ọdún 1979 ni mo kọ́kọ́ rí kìnnìún náà, ní ìlú Ìbàdàn. Bàbá wa kò ní telifísàn. Ilé kan ṣoṣo ni ó ní in ní gbogbo agbolé tí ó yí wa ká, ní alẹ́ Sátidé àwa ọmọdé a sì máa pé jọ sí ẹ̀bá fèrèsé ilé náà bí ẹni tí ń wòran egúngún. Èmi kúrú, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí ó fi ọdún 6 jù mí lọ, gbé mi kọ́ èjìká. Mo ti gbàgbé orúkọ fíìmù alẹ́ ọjọ́ náà pátápátá, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé ohun tí ó ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí ẹranko náà bú, mo jábọ́ láti èjìká ẹ̀gbọ́n mi, mo sì sá títí dé ẹnu ọ̀nà ilé wa. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ ni ó ti di àwàdà láàárín wa: bí ó bá fẹ́ pè mí láti òkèèrè, kò ní pe orúkọ mi, bíbú ni yóò bú bí kìnnìún. Àní ní ọjọ́ ìgbéyàwó mi, ó bú lẹ́yìn mi ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ojú sì tì mí.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2019. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà lọ́dọ̀ mi láti ìgbà náà. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì fẹ́ràn láti máa fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán tí ń rìn, èyí tí ó ní òun yóò fi ṣe iṣẹ́ jẹun.

Ní alẹ́ Sátidé kan láìpẹ́ yìí, gbogbo wa jókòó ní pálọ̀ láti wo fíìmù kan tí a ṣe lẹ́yìn ọdún 1990. Kìnnìún yọ, ó bú. Mo fi ìdùnnú wí fún ọmọ mi obìnrin, àbíkẹ́yìn mi, pé, "Ohùn kìnnìún gan-an nìyẹn. Òun ni ó lé mi sá ní ọjọ́ tí mò ń wí fún ọ." Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ojú sókè. "Bàbá, ẹ má bínú o," ni ó wí, "ohùn yẹn kì í ṣe ti kìnnìún. Ohùn táígà ni wọ́n fi ṣe é." Ọmọ mi dá a lóhùn pé bàbá òun kì í purọ́. Èyí wí, òhún wí, ọ̀rọ̀ di ariwo, wọ́n sì yí ojú sí mi kí n dá ẹjọ́ náà.

Mo dá a. N kò béèrè ibi tí ọmọ náà ti rí ohun tí ó sọ. Mo ní ọmọ tí ń já àgbà nírọ́ níwájú àwọn àbúrò rẹ̀ kò ní ẹ̀kọ́. Mo ní kí ó dìde kúrò nídìí fíìmù, kí ó lọ fọ gbogbo àwo tí ó wà ní ilé ìdáná. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá," ó sì lọ. Fíìmù náà kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. A ń gbọ́ bí omi ti ń ṣàn lórí àwo.

Oorun kọ̀ mí ní òru ọjọ́ náà. Mo mú fóònù mi lórí ìbùsùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí wádìí kìnnìún náà, kí n lè sọ pé èéfín lásán ni ọmọ náà ń jẹ́ kí wọ́n fẹ́ sí òun lójú. Ohun tí mo wá kọ́ ni mo rí.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yà mí lẹ́nu ni pé kì í ṣe kìnnìún kan. Ní ọdún 1916 ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Howard Dietz ronú kan àmì kìnnìún fún ilé-iṣẹ́ Goldwyn, nítorí pé kìnnìún ni àmì àwọn eléré ìdárayá Yunifásítì Columbia, níbi tí òun ti kàwé. Nígbà tí Goldwyn dà pọ̀ mọ́ Metro àti Mayer ní ọdún 1924, wọ́n mú kìnnìún náà lọ́wọ́ wọ ilé tuntun. Èyí tí ó kọ́kọ́ jókòó síwájú ẹ̀rọ ayàwòrán ní ọdún náà ń jẹ́ Slats, ọgbà ẹranko ìlú Dublin ní ilẹ̀ Ireland ni a sì ti bí i. Kò bú rárá. Sinimá ayé ìgbà náà kò ní ohùn. Ó kàn ń wo ìhín wo ọ̀hún bí àgbàlagbà tí ń dúró de oúnjẹ ni. Èmi kò sì lè dá a lẹ́bi, nítorí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dé ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn ní ọ̀sán gangan yóò jẹ́rìí pé oorun ni iṣẹ́ kìnnìún.

Jackie ni ó tẹ̀lé e ní ọdún 1928, òun sì ni aráyé kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, níwájú fíìmù White Shadows in the South Seas. Inú àwo gíràmọ́fóònù ni wọ́n gba ohùn náà sí, tí wọ́n ń lù ú bí àwòrán ti ń lọ. Jackie yìí ni ó wà níwájú àwọn fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun fún ọ̀pọ̀ ọdún, àní lẹ́yìn ikú rẹ̀ pàápàá. Nígbà tí fíìmù aláràbarà dé, wọ́n wá kìnnìún mìíràn, Tanner, ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí di ọdún 1956. George gba ipò, kò pẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1957 ni èyí tí ó pẹ́ jù lọ dé. Ọmọ kékeré ni, gọ̀gọ̀ rẹ̀ kò tíì kún, Leo sì ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Mo wí bẹ́ẹ̀ nítorí pé Leo ni ilé-iṣẹ́ náà ti ń pe gbogbo wọn níwájú aráyé. Èyí kò ṣe àjèjì sí wa. Olúbàdàn kan a wàjà, òmíràn a gorí ìtẹ́, Olúbàdàn náà ni a sì ń kí.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sọ ti ọkọ̀ òfuurufú, nítorí èmi nìkan ni mo ń rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn nígbà tí mo kà á. Ní oṣù September ọdún 1927, ilé-iṣẹ́ náà fi kìnnìún wọn sínú ọkọ̀ òfuurufú kan láti San Diego, kí ó lè dé New York, kí gbogbo ìwé ìròyìn sì gbé e. Àhámọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn awakọ̀, Martin Jensen. Ọkọ̀ náà já lulẹ̀ láàárín àwọn òkè ní Arizona. Awakọ̀ fi ẹsẹ̀ rìn nínú aginjù fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó rí ènìyàn. Nígbà tí wọ́n padà dé ibẹ̀, kìnnìún wà láàyè nínú àhámọ́ rẹ̀. Ìyàwó mi jí, ó bi mí ohun tí ń pa mí lẹ́rìn-ín ní aago kan òru. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un, ó ní, "Ẹ ń wá ọ̀nà tí ẹ ó fi dá ọmọ lẹ́bi, ẹ wá ń rẹ́rìn-ín," ó sì padà sùn.

Mo ń kà lọ. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, àwọn kan níbẹ̀ rò pé kìnnìún alààyè ti di ti àtijọ́, wọ́n sì fi kìnnìún tí a kàn yà ní ìlà díẹ̀ rọ́pò rẹ̀, láìsí ìró, láìsí ìmira. Ó wà níwájú 2001: A Space Odyssey ní ọdún 1968. Kò pẹ́ tí kìnnìún alààyè fi padà sípò rẹ̀. Mo rí àwòrán èyí tí wọ́n yà náà. Ó dára fún ara páálí ìṣáná.

Lẹ́yìn náà ni mo dé ọdún 1982. Ní ọdún náà, oníṣẹ́ ohùn kan tí ń jẹ́ Mark Mangini ṣe bíbú tuntun fún kìnnìún náà, fún fíìmù tí a ń pè ní Poltergeist, ohùn táígà ni ó sì lò nínú rẹ̀. Àlàyé tí ó ṣe ni pé kìnnìún kì í pariwo pẹ̀lú irú ìrorò tí òǹtẹ̀ náà ń fẹ́. Ẹ kíyèsí i pé táígà kì í ṣe ẹkùn tiwa, tí ara rẹ̀ ní tótòtó. Ẹkùn abilà ti ilẹ̀ Éṣíà ni. Ojú Leo ni a ń wò, ẹnu Leo ni ó ń là, ohùn ẹlòmíràn ni ó sì ń jáde níbẹ̀, bí ọ̀ràn Jékọ́bù àti Ísáù níwájú bàbá wọn arúgbó. Èmi sì ni arúgbó náà ní pálọ̀ mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú mi kò fọ́.

Mo gbé fóònù kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kí n má fi òtítọ́ pa mọ́, ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni bí n ó ti ṣe dákẹ́. Ọmọ náà ti fọ àwo tán. Ilẹ̀ yóò mọ́, ọ̀ràn yóò sì kọjá. Ṣùgbọ́n mo mú un padà, mo ka ìyókù. Ní ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ náà mú òǹtẹ̀ tuntun jáde. Lára ìlà ara òrùka náà, tí ń wí ní èdè Látìnì pé iṣẹ́ ọnà nítorí iṣẹ́ ọnà fúnra rẹ̀, ni ó ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n kọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ó sì yí padà di Látìnì lójú wa. Lẹ́yìn náà kìnnìún yọ. Ó jọ Leo ti ọdún 1957, ṣùgbọ́n kò sí ìyá tí ó bí i. Kọ̀ǹpútà ni ó ṣe gọ̀gọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀, eyín rẹ̀, àti èémí imú rẹ̀. Irú iṣẹ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ nìyẹn. Kò yẹ kí ó yà mí lẹ́nu pé ó mọ ohun tí n kò mọ̀.

Nígbà tí ó yá, ọ̀rọ̀ kan gún mi. Ọdún 1979 ni ẹ̀gbọ́n mi gbé mi kọ́ èjìká. Ọdún mẹ́ta ṣáájú táígà ni. Nítorí náà ohun tí mo gbọ́ lójú fèrèsé kì í ṣe irọ́: kìnnìún ni. Èyí tí a gbọ́ ní pálọ̀ ni kì í ṣe òun. Ní ọ́fíìsì wa, iṣẹ́ mi ni láti fi ẹ̀dà ìwé wé ìwé àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, kí n tó tẹ òǹtẹ̀ lé e pé ẹ̀dà tòótọ́ ni. Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo tẹ òǹtẹ̀ lé ẹ̀dà tí n kò fi wé nǹkan kan, mo sì fìyà jẹ ẹni tí ó fi ojú rẹ̀ wò ó.

Ní òwúrọ̀ Sunday, kí a tó múra ṣọ́ọ̀ṣì, mo pè é. Mo ti rò ó láti pè é sí yàrá mi, kí ó jẹ́ láàárín èmi àti òun. Ṣùgbọ́n pálọ̀ ni mo ti dójú tì í, níwájú ọmọ mi, nítorí náà pálọ̀ ni mo ti pe àwọn méjèèjì. Mo ní òun ni ó sọ òtítọ́, èmi ni mo ṣìṣe, mo sì bẹ̀ ẹ́ kí ó dárí jì mí. Ara rẹ̀ kò balẹ̀ rárá. Ó tún fẹ́ dọ̀bálẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá," ni ó ń wí. Ọmọ mi ń wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, "Èyí tí ẹ̀yin àti bàbá mi gbọ́ nígbà náà ńkọ́?"

Mo ní, "Kìnnìún ni. Ṣáájú ọdún 1982 ni."

Ó lọ gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá. Ó wá àwọn òǹtẹ̀ àtijọ́ náà, ó sì rí wọn, ó mú kí ọ̀kan bú. Ohùn náà kúrú, ó sì ha, kò ní agbára tó ti ìsinsìnyí, bí ẹni tí ń wúkọ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ọmọ náà tẹ́ etí sí i. Ó mú kí ó tún un bú, lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, kò sì wo ojú mi.

"Bí bàbá mi ti máa ń ṣe é gan-an nìyí," ni ó wí, "bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé."

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù, a sì jókòó síbẹ̀. Ìyàwó mi ti wọ bàtà, ó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń pè wá.