A Kì Í Jẹ Èbù

Ìwárò-Ọ̀kà, Àkókó,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ 22, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ṣa iṣu tó dára sílẹ̀ dè ọ́. Bí mo bá rí awakọ̀ tí mo mọ̀ ní gáréèjì Ìkàrẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, n ó fi rán an sí ọ l'Ékòó.

Láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú tí o pè mí ni ọ̀rọ̀ rẹ kò ti kúrò lọ́kàn mi. O ní owó tí o fi ra Treasury Bills, ìwé gbèsè ìjọba àpapọ̀, lọ́dún tó kọjá ti pé, ṣùgbọ́n èlé tí wọn yóò fún ọ bí o bá tún un rà ti wálẹ̀ gan-an. O ní ọ̀rẹ́ rẹ kan wá fi ibì kan hàn ọ́ lórí fóònù, níbi tí wọ́n ti ń san náírà 10 lórí 100 lóṣooṣù. Mo kàn ní, "N ó ronú sí i." Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ gùn, ó sì ń tì mí lójú. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ṣé o rántí garawa tí a máa ń gbé sáàárín pálọ̀ bí òjò bá ti ṣú? O máa ń béèrè ìgbà tí a ó tún òrùlé ṣe, mo ní káfíńtà ló ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Náírà 400,000 ni mo ti tọ́jú fún òrùlé náà. Ní ìparí ọdún 2020, owó yẹn pé lọ́wọ́ ìjọba bíi tìrẹ yìí, mo sì bá a pé èlé ọdún kan ti já wálẹ̀ débi pé kò tó náírà 1 lórí 100. Ọjà kò sì dúró dè mí: ní oṣù Kejìlá ọdún náà, NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, ní ọ̀wọ́n gógó ti dé 15.75 nínú ọgọ́rùn-ún. Inú bí mi. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣe ìpàdé sọ fún mi nípa ètò kan tó ń san 15 lóṣooṣù. Wọ́n san ti oṣù kìíní, wọ́n san ti ìkejì. Ní oṣù kẹta, fóònù wọn kò lọ mọ́. Òru ni mo fi sunkún, n kò jẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́.

Mo ti ronú sí i láti ìgbà náà. Ìbínú ló tì mí ju ojúkòkòrò lọ. Èlé tó já wálẹ̀ rí lójú mi bí ẹni pé wọ́n jà mí lólè, mo sì fẹ́ gba tèmi padà kíákíá. Ohùn kan náà ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ lọ́jọ́ Àìkú, àyà mi sì já.

Jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò náà, bí ìgbà tí o ń jókòó níwájú ní kíláàsì mi. Ní oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá, Treasury Bills ọlọ́dún kan ń lọ ní nǹkan bí 23 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ èlé rẹ̀: o mú nǹkan bí 77,000 sílẹ̀, 100,000 ló padà dé ọwọ́ rẹ. Lónìí, ó ti di nǹkan bí 16: 84,000 ni wàá mú sílẹ̀ láti gba 100,000. Pín 16,000 sórí 84,000, ó jẹ́ 19 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ìjọba tó yọ owó orí tirẹ̀. Wàyí o, wo ọjà. Ní oṣù Kejìlá 2024, NBS ní ọ̀wọ́n gógó jẹ́ 34.80. Ní oṣù Kẹwàá tó kọjá yìí, wọ́n ní 16.05. Wọ́n ti yí ọ̀nà ìṣirò wọn padà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, nítorí náà má fi ọ̀kan wọn èkejì gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń ra gàrí ní ọjà Ìkàrẹ́ mọ̀ pé ọjà kò sáré bíi tẹ́lẹ̀ mọ́.

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Nígbà tí ọjà ń sáré, Báǹkì Àpapọ̀, CBN, ń gbé èlé rẹ̀ ga títí ó fi dé 27.50. Nígbà tí ọjà ń rọ̀, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yìí, ó mú un wá sí 27, ìgbà àkọ́kọ́ tó dín in kù láti 2020. Ẹnikẹ́ni kò jà ọ́ lólè, ọmọ mi. 19 tí wàá gbà ṣì ga ju 16 ti ọ̀wọ́n gógó lọ. Ti 2020 tèmi ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Bàbá àgbà rẹ kò kàwé, ṣùgbọ́n bó bá kó iṣu dé láti oko ẹsẹ̀ òkè Ọ̀kà, ọ̀nà mẹ́ta ló máa ń pín in sí: iṣu jíjẹ, iṣu títà, àti èbù tí a ó gbìn. Bí ebi fẹ́ pa wá, kò ní jẹ́ ká fọwọ́ kan èbù. Pín owó rẹ bẹ́ẹ̀.

Iṣu jíjẹ ni owó oúnjẹ àti owó ilé oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, nítorí àìsàn tàbí bí iṣẹ́ bá bọ́. Jẹ́ kó wà ní àkáǹtì ìfowópamọ́ ní báǹkì. Òfin CBN ni pé èlé ibẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún èlé tirẹ̀; bí tirẹ̀ ti jẹ́ 27, tìrẹ kò gbọdọ̀ dín sí 8.1, ìyẹn 8,100 lórí 100,000 lọ́dún. Ó kéré, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá nílò rẹ̀ ni wàá rí i gbà. Bí báǹkì bá sì kógbá sílé, NDIC, àjọ tó ń dáàbò bo owó inú báǹkì, yóò san tó mílíọ̀nù 5 náírà fún oníbàárà. Ti báǹkì máíkírófáínáǹsì jẹ́ mílíọ̀nù 2.

Iṣu títà ni owó tó ní ọjọ́ tí o fẹ́ ná an, bí owó ilé ẹ̀kọ́ tí o ń sọ. Tún Treasury Bills rà fún ohun tó máa dé láàárín ọdún kan. Fún èyí tó jìnnà, FGN Savings Bond, tí ìjọba àpapọ̀ náà ń tà, wà láti 2017. 5,000 lo fi lè bẹ̀rẹ̀, ọdún 2 tàbí 3 ni, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń san èlé, iye tí wọ́n bá sì pè lọ́jọ́ tí o rà á kò ní yẹ̀ títí yóò fi pé. Bí èlé bá ń wálẹ̀, ẹni tó ti de tirẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ní bá a wálẹ̀.

Èbù ni ti ọjọ́ ogbó. Òfin 2014 ní kí wọ́n yọ 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ, kí agbanisíṣẹ́ fi 10 kún un, fún owó ìfẹ̀yìntì. Béèrè bóyá wọ́n ń san án lóòótọ́. O lè ra ìpín ilé iṣẹ́ díẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n èbù a máa jẹrà nínú ilẹ̀ nígbà mìíràn. Kìkì owó tí o lè gbójú kúrò lára rẹ̀ fún ọdún márùn-ún ni kí o fi síbẹ̀.

Ti ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, bi ara rẹ léèrè: bí ìjọba àpapọ̀ bá ń san nǹkan bí 16 lọ́dún, níbo ni ẹlòmíràn ti ń rí 10 lóṣù kan? MMM ṣèlérí 30 lóṣooṣù, ó ti owó àwọn ènìyàn pa ní oṣù Kejìlá 2016. Ní oṣù Kẹrin ọdún yìí, CBEX náà ti owó àwọn ènìyàn pa. Inú bí àwọn ènìyàn n'Íbàdàn débi pé wọ́n ya wọ ọ́fíìsì CBEX, wọ́n ń kó àga. Ibi tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lọ́dọ̀ SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìdókòwò, má fi kọ́bọ̀ síbẹ̀.

Ìyá mi dá àjọ ní ọjà Ìkàrẹ́ títí ó fi darúgbó. Àjọ kì í san èlé. Alájọ gan-an ló ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù. Síbẹ̀ owó àjọ yẹn ló rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Ọwọ́ ìyá mi kò dúró, bí ọjà tà, bí kò tà. Ohun tí mo fẹ́ kí o jogún nìyẹn.

Èmi náà padà sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, mo ń dá díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Ọdún mẹ́ta ló gbà mí kí n tó rí owó òrùlé náà kó jọ padà. Jọ̀wọ́, kí o tó dáhùn fún ọ̀rẹ́ rẹ, kọ́kọ́ pè mí. N kò ní bínú, n kò sì ní pariwo.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ fún mi. Òrùlé wa kò jò mọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.