Ọwọ́ Òsì Tí Mo Nà sí Àgbà

Báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Láti kékeré ni màmá mi ti kọ́ mi pé ọmọlúàbí kì í na ọwọ́ òsì sí àgbà. Nígbà tí aládùúgbò wa ní Texas mú mi lọ síbi ijó square dance, ẹ̀kọ́ yìí dá ijó rú.

Ènìyàn mẹ́jọ ló ń jó o, ọkùnrin kan àti obìnrin kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Caller ló ń pàṣẹ, bí ìlù ṣe ń darí oníjó nílé. Ó kígbe pé, "Allemande left!" Ìyẹn ni pé kí n fi ọwọ́ òsì di apá òsì corner mi mú, kí a yí po. Obìnrin tó wà lápá òsì mi ni corner mi: ìyá arúgbó kan! Ọwọ́ ọ̀tún ni mo nà. A kọlu ara wa, gbogbo ijó dúró.

Kò sẹ́ni tó bú mi. Àṣà wọn ni pé bí ijó bá dàrú, kálukú á padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Home ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ìyẹn ilé. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó tún na òsì rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo na tèmi.

Nígbà tí ijó parí, gbogbo wa dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wa, bí àṣà wọn. Èmi sì dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà, bí àṣà tiwa.