Iye Ọjọ́ Tí Wọ́n Kọ Sínú Ìwé

Kí n tó kúrò nílé ní Òwu-Ìsin, bàbá mi pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní kí n mú pásípọ́ọ̀tù mi wá. Wọ́n ṣí i láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, wọ́n sì dá a padà fún mi. "Tó o bá dé bodè Gánà," wọ́n ní, "má gba òǹtẹ̀ lásán. Wo iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i."

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ lẹ́nu wọn. Kumasi ni bàbá mi ti ta aṣọ nígbà èwe wọn. Àwọn ará Ọ̀fà, Ogbómọ̀ṣọ́ àti Èjìgbò ti ń tọ ọ̀nà yẹn tipẹ́, bí ọ̀nà ọjà ni bàbá mi sì ṣe kà á. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia kéde pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kó kúrò nílùú. Ọjọ́ yẹn ni bàbá mi tó mọ̀ pé àjèjì làwọn. Àpò méjì ni wọ́n gbé délé. Owó aṣọ tí àwọn èèyàn jẹ wọ́n ṣì wà ní Kumasi di òní.

Àwa náà ṣe é fún ọmọ ẹlòmíì. Mo wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1983 nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì kan náà ni wọ́n fún wọn. Ará Gánà kan máa ń tún bàtà ṣe ládùúgbò wa. Ìyá mi fi gààrí àti owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí i, bàbá mi kò sì jáde síta lọ́jọ́ tó ń lọ.

Àbúrò mi ọkùnrin ló gbé mi dìde lọ́tẹ̀ yìí. Ó ń ta ṣájà àti íápíìsì fóònù nítòsí Kwame Nkrumah Circle ní Accra. Nígbà tí àwọn kan ṣe ìwọ́de ní Gánà ní oṣù keje ọdún 2025 pé kí ọmọ Nàìjíríà máa lọ, bàbá mi ò sùn. Mo pe àbúrò mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀," ló wí. "ECOWAS ni wá, a ò nílò físà."

Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti bà mí. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Dakar ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 1979, sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS lè wọ orílẹ̀-èdè mìíràn láìgba físà, kó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́, tó bá ti ní ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀. Ìlẹ̀kùn ni wọ́n ṣí fún wa, wọn ò tíì fún wa ní yàrá.

Ìlọrin ni mo ti gba pásípọ́ọ̀tù. Mo gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ ṣáájú, nítorí káàdì náà kì í ṣiṣẹ́ àfi tó bá pé ọjọ́ mẹ́wàá. Mo wọkọ̀ ní Òmù-Àrán, a gba Àjàṣẹ́-Ìpo kọjá, mo sun Èkó. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí a kọjá Sèmè, mo rí ọ̀nà tó yà sí Àjàṣẹ́ kejì, èyí tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Orúkọ kan náà, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ ni mo fi dé ìtòsí èyí.

Ní ọ̀kan nínú àwọn bodè náà, dírẹ́bà ní kí olúkúlùkù fi owó sáàárín ìwé, kí òun kó o wọlé lẹ́ẹ̀kan. Mo kọ̀, mo fẹsẹ̀ ara mi wọlé. Wọ́n dá mi jókòó fún bíi wákàtí kan. Àwọn tí a jọ wọkọ̀ ń kùn, mo sì mọ̀ pé ojú ń kán wọn. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti dá ìyá àgbà kan dúró pé káàdì rẹ̀ ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Mo tọ òṣìṣẹ́ náà lọ, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, láti oṣù keje ọdún 2016 ni àjọ ìlera àgbáyé ti sọ pé káàdì yìí kì í kú mọ́, títí ayé ẹni ni." Ó wo káàdì náà, ó wò mí, ó jẹ́ kí ìyá máa lọ. Ìyá gbàdúrà fún mi dé Lomé.

Ní Aflao, òṣìṣẹ́ tó gba ìwé mi bi mí bóyá màá pẹ́. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n kó jọ̀ọ́ kọ 90 tí ECOWAS fún mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́. Mo dúró síbẹ̀, mo kà á kí n tó kúrò.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ní Accra, mo ní kí àbúrò mi mú pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀ wá. Kò sí òǹtẹ̀ kankan níbẹ̀. Dírẹ́bà kan ló kó ìwé wọn wọlé nígbà tó ń bọ̀, ó sì dá a padà bó ṣe wà. Ọdún méjì ti kọjá, kò sí lẹ́tà kan tó lè fi ọjọ́ tó dé hàn. Mo wo ojú rẹ̀, bàbá mi ni mo rí.

Ọ̀rọ̀ ọjà tún wà lọ́tọ̀. Òfin ìdókòwò Gánà ti ọdún 2013 ya títà nínú ọjà àti kíkiri ọjà sọ́tọ̀ fún ọmọ onílé, ó sì béèrè mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ àjèjì tó bá fẹ́ dá ilé ìtajà sílẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Circle ń tọ́ka sí ECOWAS, àwọn oníṣòwò Gánà ń tọ́ka sí òfin yìí. Mi ò lè bínú sí àwọn ará Gánà. Ẹni tí mo bínú sí ni ẹni tó bá mọ̀, tó sì jẹ́ kí ọmọ kékeré wọ irú ọjà bẹ́ẹ̀ láìsọ fún un.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi lọ, tí a fi bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sí ìwọ̀lú, kí wọ́n tó gba ìwé rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ń wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ ará Gánà kan báyìí, kí orúkọ ẹni náà lè wà lórí ìwé ìgbélùú rẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé Òwu, bàbá mi ò tíì béèrè oúnjẹ tí mo jẹ lọ́nà tí wọ́n fi na ọwọ́. Wọ́n sún pásípọ́ọ̀tù mi mọ́ ojú, wọ́n fi ìka tọ nọ́ńbà náà.

"Àádọ́rùn-ún," ni wọ́n wí. "Ti àbúrò rẹ ńkọ́?"

Mo ní wọn ò tíì kọ tirẹ̀. Wọ́n pa ìwé náà dé, wọ́n gbé e lé itan, wọn ò sì dá a padà fún mi títí ilẹ̀ fi ṣú.