Bọ́ọ̀ṣì Táyà Òsì

Ẹ̀yin tí ẹ ra ìwé ewì mi ní ọdún 2023, mo jẹ yín ní àlàyé kan. Owó tí mo fi ṣe fọ́tókọ́pì àádọ́ta ẹ̀dà yẹn kì í ṣe tèmi. Owó táyà ni.

Bàbá mi ní ọkọ̀ Kọ́ńbì kan, Volkswagen ọdún 1969, tí bàbá tiwọn fi sílẹ̀ fún wọn. Òun ni wọ́n fi ń kó iṣu àti gàrí láti Ìsẹ́yìn wá sí Bódìjà. Owó inú rẹ̀ ni mo fi ń kàwé, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, béárìn táyà iwájú lọ́wọ́ òsì jóná mọ́ ojú ọ̀nà.

Béárìn méjì ló ń wà nínú họ́ọ̀bù táyà iwájú kọ̀ọ̀kan, ńlá nínú, kékeré níta. Òrùka ìta a há mọ́ họ́ọ̀bù, òun àti táyà a jọ máa yí. Òrùka inú ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó jẹ́ẹ́ lórí sípíńdù, ìyẹn ọ̀pá irin tí kì í yí. Nígbà tí gíríìsì tán nínú tiwa, béárìn gan, òrùka inú bẹ̀rẹ̀ sí í yí lórí sípíńdù, ó sì jẹ irin náà bí eku ṣe ń jẹ ọṣẹ.

Mẹkáníìkì wò ó, ó mi orí. "Àbúrò, béárìn tuntun ò lè dúró lórí èyí. Ẹ lọ wá sípíńdù míì."

Ibà ti dá bàbá mi dùbúlẹ̀. Wọ́n ka ₦85,000 lé mi lọ́wọ́.

Mo rin Àgódì Gate títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Èyí tí wọ́n ń gbé síta fún mi, ti Kọ́ńbì 1971 sókè ni. Ìgbà yẹn ni wọ́n fi díìsì bíréèkì sí iwájú rẹ̀, tí wọ́n sì sún ihò bóòtù márààrún mọ́ra: àyíká tí àwọn ihò náà wà di mílímítà 112, tiwa sì jẹ́ 205. Ríìmù wa ò lè wọ̀ ọ́ láéláé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo rí ojúlówó ti 1969 kan, tòkunbọ̀, ₦50,000. Mo gbé e wò. Mo gbé e sílẹ̀.

Mo gbé sípíńdù tó ti jẹ náà lọ bá tọ́nà. Ó fá ibi tó bàjẹ́ lórí ẹ̀rọ, ó gé òrùka irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ìyẹn bọ́ọ̀ṣì, ó yá a níná, ó sì fi bọ sípíńdù kó lè fún mọ́ ọn tó bá tutù. ₦15,000. Béárìn àti síìlì, ₦30,000. Ó ku ₦40,000 lápò mi.

Tọ́nà ní, "Sọ fún bàbá ẹ o. Tó bá ti gbẹ́rù rìn bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà, kí wọ́n tú u wò. Bọ́ọ̀ṣì tó bá ti sún, kí wọ́n má gùn ún."

Mo sọ fún mẹkáníìkì pé bàbá mi ló ní ká ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún bàbá mi pé tòkunbọ̀ tó mọ́ ni. Mo gbé ọ̀rọ̀ tọ́nà mì.

Ó tún wá dùn mọ́ mi nínú. Ní kíláàsì fonọ́lọ́jì, wọ́n kọ́ wa pé kọ́ńsónáǹtì méjì kì í tẹ̀lé ara wọn nínú Yorùbá. Fáwẹ̀lì la fi ń là wọ́n láàárín: "brake" di bíréèkì, "grease" di gíríìsì. Mo ní bọ́ọ̀ṣì yẹn náà, fáwẹ̀lì ni. Mo kọ ewì lé e lórí. Ojú ewé keje ló wà. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo bá wọn lọ sí Ìsẹ́yìn. Àwọn ìyá ọlọ́jà mẹ́ta wà lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù wọn. A ń bọ̀, a ò tíì dé Mọ́níyà, ni bàbá mi bá bi mí pé:

"Àlàní, kí ló ń ṣe abẹ́rẹ́ yìí?"

Wáyà aago tó ń ka eré Kọ́ńbì, inú táyà iwájú òsì ló ti ń wá. Ó gba inú sípíńdù tó ní ihò kọjá, ó sì fi orí há mọ́ ìdérí họ́ọ̀bù. Eré wa ò yí padà, àmọ́ abẹ́rẹ́ ń fò láti 30 sí 60. Wọ́n rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Wọ́n na ọwọ́ sí họ́ọ̀bù, wọ́n yára fà á padà. Wọ́n di orí táyà mú, wọ́n mì í. Ó ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀.

"Tòkunbọ̀ tó mọ́?"

Mo kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà. Mo jẹ́wọ́.

Wọn ò lù mí. Wọ́n dá ọkọ̀ míì dúró fún àwọn ìyá náà, wọ́n san owó ọkọ̀ wọn, kí wọ́n tó kọjú sí mi.

"Bọ́ọ̀ṣì kọ́ ni mò ń bá jà. Ọkọ̀ yìí ti wọ bọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó bí ẹ. Tó o bá sọ fún mi ni, mà á rọra wà á, mà á tú u wò. Ṣùgbọ́n o jẹ́ kí n kó ọmọ ọlọ́mọ sórí irin tí mi ò mọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ibi tí ewì mi ti ṣìnà. Fáwẹ̀lì inú bíréèkì kì í fara pamọ́. Gbogbo ẹni tó bá pè é ló ń gbọ́ ọ. Èmi ni mo fi tèmi pamọ́.

Mo ti san ₦30,000 padà. Ó ku ₦10,000. Ẹni tó bá ṣì ní ìwé náà lọ́wọ́, tó bá kan ojú ewé keje, kó jọ̀ọ́ rántí pé ìyá mẹ́ta wà lẹ́yìn ọkọ̀.